Ṣé wọ́n lé bàbá wa ni, àbí wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Ògùn ni mo ti ń kọ̀wé. Lóṣù tó kọjá, bàbá mi jí láàárọ̀ Sátidé, ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò sì gbé mọ́. A gbé wọn lọ sí ọsibítù aládàáni kan tí kò jìnnà sílé. Wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n ní ara wọn á yá. Ní ọjọ́ kẹta ni dókítà ṣàdédé ní ká máa gbé wọn lọ sí Jẹ́nẹ́rà. Jẹ́nẹ́rà ní àwọn kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú orí, ká máa lọ sí Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn ńlá tí a dé ní Ìbàdàn ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, inú mọ́tò la sùn mọ́jú. Bàbá wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kò tíì gbé, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sì já gaara. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ń bínú pé ìgbà tí ọsibítù àkọ́kọ́ jẹ owó wa tán ni wọ́n lé wa. Ṣé wọ́n lé wa lóòótọ́? Ká ní Ìbàdàn la kọ́kọ́ gbà lọ, ṣé ọwọ́ bàbá mi ì bá ti padà? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìgbà tí dókítà ń ranni lọ síbi tó dáa, àti ìgbà tó kàn ń ti ẹrù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀?”

Arábìnrin wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú àtẹ̀mọ́ra, ẹ sì kú ìtọ́jú bàbá. Alẹ́ tí ẹ sùn nínú mọ́tò yẹn dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Mo ti jẹ́ dókítà ní Jẹ́nẹ́rà, níbi tí mo ti ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa gbé aláìsàn lọ. Mo sì ti ṣiṣẹ́ ní yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí irú mọ́tò tiyín ti ń já wọlé lóru. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ tù yín nínú lásán. Bí mo ṣe rí i, Jẹ́nẹ́rà kò lé yín. Ìbàdàn náà kò lé yín, ṣùgbọ́n ẹni kan yẹ kó ti sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ. Ọ̀rọ̀ ọsibítù àkọ́kọ́ ló gùn, ibẹ̀ ni màá pẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe to ètò náà, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí ẹni ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn rí. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìgbẹ̀bí tó bá lọ wẹ́rẹ́. Jẹ́nẹ́rà jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, wọ́n sì ń dá aláìsàn dúró. Lókè wọn ni àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́, bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ti Ilé-Ifẹ̀, ti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣe to gbogbo rẹ̀. Dókítà tó wà ní àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tó wá ní “èyí ju agbára wa lọ” ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ títí Dókítà Latunde Odeku fi dé sí Ìbàdàn ní 1962. Bí orí ẹnì kan bá fọ́ ní ìlú mìíràn nígbà náà, kí dókítà ibẹ̀ gbé e ránṣẹ́ sí Ìbàdàn ni ìtọ́jú tó dáa jù tó lè ṣe fún un. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pẹ̀lú pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní London tí wọ́n wà. Láti 2010, ilé ìwòsàn mẹ́jọ péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ nílùú náà fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù. Áńbúláǹsì ibẹ̀ a máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù tó sún mọ́ ilé aláìsàn jù lọ kó lè gbé e dé ọ̀kan nínú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé láti ẹnu ọ̀nà ilé aláìsàn ni wọ́n ti ń pinnu ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn tó ń dúró dè é sì ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Tiyín gba ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa tó ń pa èèyàn, mo sì fẹ́ kàn án lójú: pé bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n gbé èèyàn lọ sí UCH, ó ti parí nìyẹn, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kú. Àwọn tó dákú jù, tó pẹ́ jù nílé, tí gbogbo ibòmíràn ti gbìyànjú lórí wọn títí, àwọn gan-an ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Bí ilé kan bá ń gba àwọn tó sún mọ́ ikú jù, ikú á pọ̀ níbẹ̀. Ohun kan náà ló bá orúkọ Ìgbòbí, ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Èkó. Ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan á ṣẹ́ lórí ọ̀kadà, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ìgbòbí, àwọn ẹbí á ní wọ́n máa gé ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á wá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Bí igi àti aṣọ tí wọ́n fi dì í bá le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó lè máà gbà ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ẹsẹ̀ náà á fi dúdú, tí á máa rùn. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbé e dé Ìgbòbí, kò ní ku ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí wọ́n gé e kí ẹ̀mí má bàa lọ. Àdúgbò á wá sọ pé, “Ẹ ò rí i? A sọ ọ́.” Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bàbá. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn, rọpárọsẹ̀ ni. Oríṣi méjì ló wà, wọ́n sì jọra lójú débi pé kò sí dókítà tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Nínú èkejì, iṣan ló bẹ́, ẹ̀jẹ̀ wá ń dà sínú ọpọlọ. Ẹ̀rọ CT ló ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn, ìdí nìyẹn tí Jẹ́nẹ́rà fi ní kí ẹ máa lọ. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́ ní oògùn yẹn, ó lè pa á. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún aláìsàn kí wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ tó pé láti ìgbà tí nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ẹ kọ: bàbá *jí* pẹ̀lú rẹ̀ ni. A kì í ka wákàtí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó jí. Ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá la fi ń kà á, ìyẹn alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n lọ sùn. Nítorí náà, bí ẹ bá tiẹ̀ gbéra ní Òkè-Ògùn láago méje àárọ̀, tí kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí bẹ́ẹ̀dì sì ń dúró dè yín, ó ṣeé ṣe kí àkókò oògùn náà ti kọjá. Oògùn ọ̀hún wọ́n, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń fún èèyàn nílẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe máa dá ara yín lẹ́bi lóru pé bí ẹ bá ti sáré sí i ni, ọwọ́ náà ì bá ti gbé. Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò mú nǹkan kan lọ. Ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ kò mọ sórí oògùn kan yẹn. Ó yẹ kí wọ́n ti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, nítorí bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù, ó lè mú ọwọ́ àti ẹnu rọ bíi rọpárọsẹ̀ gan-an, kó sì dá bí wọ́n bá tún un ṣe. Ó yẹ kí wọ́n ti wò ó bóyá bàbá lè gbé nǹkan mì kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní ẹ̀kọ tàbí omi, torí ohun tó bá gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pa ẹni tí rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò pa. A kì í sì í fi ipá já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lójijì láìmọ oríṣi tó jẹ́, nítorí ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ lè tún pàdánù sí i. Ó yẹ kí wọ́n máa yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí egbò ìdùbúlẹ̀ má bàa mú wọn, kí wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọwọ́ tó rọ yẹn kó má bàa le gan. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò rí fáìlì wọn, nítorí náà mi ò lè sọ èyí tí wọ́n ṣe àti èyí tí wọn ò ṣe. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé lọ́jọ́ Sátidé yẹ kó ti wà lójú ọ̀nà ibi tí CT wà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Kí ló dé tí dókítà fi ń dá aláìsàn dúró ju bó ṣe yẹ lọ? Ẹ̀gbọ́n yín ní owó ni. Owó wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọsibítù aládàáni fi owó tirẹ̀ ra ẹ̀rọ amúnáwá, ó ń fi tirẹ̀ san owó nọ́ọ̀sì, aláìsàn tó bá jáde lónìí, owó rẹ̀ bá a jáde nìyẹn. Àmọ́ nínú iṣẹ́ mi, ojútì ni mo rí tó pọ̀ ju owó lọ. Dókítà tó dá wà ní ìlú kékeré mọ̀ pé bí òun bá ní “ẹ máa lọ,” títí ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti máa sọ ọ́ lọ́jà pé dókítà yẹn kò mọ iṣẹ́. Ìrètí náà wà: ó ti rí ẹnì kan tí ara rẹ̀ dá láàárín ọjọ́ méjì, ó wá rò pé èyí náà á rí bẹ́ẹ̀. Àwa ẹbí náà sì wà níbẹ̀, ẹ má bínú. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ní kí wọ́n máa gbé aláìsàn lọ tí àwọn ẹbí dọ̀bálẹ̀ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é níbí, a ò mọ ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn.” Bí wọ́n bá bẹ dókítà tó ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ báyẹn, á ní ó dáa, ká wo di ọ̀la.

Èmi náà ti ṣe é tì. Mo kéré nígbà náà, èmi nìkan ni dókítà ní ilé ìwòsàn kan lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbé aboyún kan wá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru púpọ̀, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú. Mo mọ ohun tó ń bọ̀: gìrì aboyún. Ẹ̀rù bà mí, mo kọ ìlà méjì sórí ìwé, mo ní kí wọ́n tètè máa gbé e lọ. Magnesium sulphate wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, abẹ́rẹ́ tó ń dènà gìrì yẹn gan-an, mi ò sì fún un, nítorí mo rò pé yíyá ló ṣe pàtàkì jù. Inú takisí ni gìrì ti mú un. Ìyá náà yè, ọmọ kò yè. Lọ́jọ́ kejì, kónsọ́tántì, ìyẹn dókítà àgbà, tó gbà á pè mí lórí fóònù. Kò pariwo mọ́ mi. Ó bi mí pé mélòó ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ mi, kí ni mo fún un, ta ló bá a lọ. Mi ò ní ìdáhùn kan tó dára sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí aláìsàn kúrò níwájú mi láìní ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn lórí ìwé.

Àwọn náà sì ni màá fi dáhùn èyí tí ẹ béèrè kẹ́yìn. Ẹni tó ń ranni lọ síbi tó dáa á jókòó ti ẹbí, á sọ ohun tó rò pé ó ń ṣe aláìsàn, á sọ ohun tó wà níbi tó ń rán yín lọ tí kò sí lọ́dọ̀ tirẹ̀, á sì sọ iye tó ṣeé ṣe kó ná yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 23, ní kí wọ́n sọ fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe rí, ìtọ́jú tó wà, ewu tó wà níbẹ̀ àti owó rẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, á ti ṣe èyí tó bá lè ṣe: ṣúgà, afẹ́fẹ́, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Á pe ibi tí ẹ ń lọ lórí fóònù, bó bá jẹ́ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kàwé ló ní. Lẹ́tà rẹ̀ á sọ aago tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n bá lára aláìsàn, oògùn tí wọ́n fún un àti aago tí wọ́n fún un, èsì àyẹ̀wò á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá le, nọ́ọ̀sì á bá yín lọ. Ẹni tó ń ti ẹrù kúrò lọ́rùn, bébà pélébé ló máa fún yín, tí wọ́n kọ “kindly see and manage” (ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀) sí, á sì ti lọ wo aláìsàn mìíràn kí ẹ tó bọ́ọ̀lẹ̀. Bí irú bébà yẹn bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ rọra ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ oògùn tí wọ́n ti gbà sí i, ẹ sì bá wa pè wọ́n.” Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì lè dín òru kan kù nínú ìyà yín.

Ní ti “kò sí bẹ́ẹ̀dì,” òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń kó lọ sí ìlú Òyìnbó, ìyanṣẹ́lódì ń ti wọ́ọ̀dù pa (èyí tó wáyé ní 2021 gba nǹkan bí oṣù méjì), gbogbo ìpínlẹ̀ tó yí Ìbàdàn ká sì ń kó aláìsàn wá sójú kan. Mo ti rí ọjọ́ tí aláìsàn mẹ́ta wà lórí àga lásán tí wọ́n ń dúró de kí ẹnì kan kúrò. Ṣùgbọ́n àìsí bẹ́ẹ̀dì kò sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan aláìsàn. Abala 20 nínú òfin kan náà kà á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn tàbí dókítà láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Inú mọ́tò yẹn ló yẹ kí dókítà ti wá wo bàbá, kó wo ṣúgà àti èémí wọn, kó sì sọ ibi mìíràn tí bẹ́ẹ̀dì wà. Bírú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má bínú padà sínú mọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n wò wọ́n níbi tí wọ́n wà, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè lọ ya àwòrán CT níta nígbà tí ẹ ń dúró. Ibi àyẹ̀wò aládàáni wà ní Ìbàdàn tó ń yà á. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín máa ń mú kí wọ́n tètè dá yín lóhùn. Bí bàbá bá wà nínú ètò adójútòfò ìlera, ó ní kóòdù tí ọsibítù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó gbà yín níbòmíràn lábẹ́ ètò náà. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ má jókòó de kóòdù, wọ́n lè gbà á lẹ́yìn tí ẹ bá débẹ̀.

Ní ti ẹjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ, ẹ̀tọ́ yín ni láti gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú bàbá lọ́wọ́ ọsibítù àkọ́kọ́. Ẹ gbà á, kí ẹ fi han dókítà mìíràn tí ẹ fọkàn tán. Bó bá fi hàn pé wọn ò wo ohunkóhun fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lè kọ̀wé sí MDCN, àjọ tó ń wádìí ìwà àwọn dókítà. Bó bá sì fi hàn pé dókítà náà ń sa ipá rẹ̀, tó kàn pẹ́ kó tó gbà pé agbára òun ò gbé e, ìpàdé ojúkojú pẹ̀lú rẹ̀ lè ṣe aláìsàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bàbá láǹfààní ju ẹjọ́ lọ. Èyí tó wù yín nínú méjèèjì, mi ò ní dá yín lẹ́bi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí gan-an nìyí. Oṣù kan péré ló tíì kọjá, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ni ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń padà jù. Bàbá nílò físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń mú ẹ̀yà ara tó rọ ṣiṣẹ́ padà, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àti kí ẹnì kan nílé máa tẹ́ ọwọ́ náà fún wọn lójoojúmọ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrìnàjò Ìbàdàn lóṣooṣù mú yín ṣíwọ́, bó ṣe ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àtẹ̀gùn yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ ìpàdé yín tó kàn, ẹ sọ fún dókítà Ìbàdàn pé kó kọ lẹ́tà padà sí Jẹ́nẹ́rà ìlú yín: irú rọpárọsẹ̀ tí CT fi hàn, oògùn tí bàbá ń lò, ibi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà, àti àmì tí wọ́n bá rí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tètè dá wọn padà. Kí Jẹ́nẹ́rà máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru náà, kí ẹ máa lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè fà á yọ bílẹ̀ bá ṣú.